Ibi Tí Wọ́n Ti Wa Amọ̀

Níbi ìrìbọmi ọmọ kan ní Turin ni ọ̀rọ̀ fíìmù yìí ti bẹ̀rẹ̀, lóṣù kẹwàá ọdún 1997. Ilé iṣẹ́ tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìrìbọmi ni Mọ́yọ̀ọ̀lá ń bá ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n rán lọ síbẹ̀. Nígbà tó yàwòrán tán, wọ́n fún un ní àga nídìí oúnjẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà ọmọ náà, tí wọ́n ń pè ní Signora Ornella. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Signora yìí. Ó ní ẹgbẹ́ kékeré kan tó máa ń pe àwọn tó wá láti òkèèrè kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ nípa ìlú wọn nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Ó bi Mọ́yọ̀ọ̀lá léèrè ibi tó ti wá.

"Ìdóṣẹ̀ ni," ni Mọ́yọ̀ọ̀lá wí. "Ìlú kékeré ni. Iná jó ìdajì rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ti ń tún un kọ́."

Bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá ló ṣe sọ ọ́. Signora gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló ràn wọ́n lọ́wọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ìjọba ńkọ́?"

"Ìjọba fi lẹ́tà ránṣẹ́."

Signora wò ó títí. Ó ní irú ìlú tí kò jẹ́ kí ìyà borí òun yìí gan-an ni ẹgbẹ́ òun ń wá. Ó ní kí Mọ́yọ̀ọ̀lá ṣe documentario nípa rẹ̀, ìyẹn fíìmù tí kì í ṣe eré, tí wọ́n fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an láti ẹnu àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹgbẹ́ á yá a ní kámẹ́rà, wọ́n á sì fi fíìmù náà han àwọn èèyàn tí òtútù bá ti lọ. Mọ́yọ̀ọ̀lá ní kò burú. Bí wọ́n bá ní kó wá ya fíìmù nípa àwọn ajá Turin, bákan náà ni ì bá ṣe dáhùn.

Ohun tí kò sọ fún Signora ni pé iná yẹn ló pa àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rínọlá lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwọn méjèèjì péré ni bàbá wọn bí, ìyá wọn sì ti kú tipẹ́. Padua ni Mọ́yọ̀ọ̀lá wà nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, ó ń bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ ilé títí yóò fi rí iṣẹ́ gidi. Lẹ́tà náà bá a lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti sin Ẹ̀rínọlá. Ó dúró nídìí àpótí lẹ́tà, ó kà á, ó tún un kà, ó ká a sínú àpò, ó sì lọ sí ibi iṣẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló lọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò jó ẹyọ kan. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin tilẹ̀ yìn ín pé kọ́là wọn dúró dáadáa.

Ó retí ẹkún, ẹkún ò dé. Ó rò pé bóyá tó bá di ọ̀la, tàbí lọ́jọ́ Sunday ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, kò retí rẹ̀ mọ́. Ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà kú, àfi pé gbogbo ara rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, kò sì jí. Ó kó lọ sí Turin, ó gba yàrá kan ní Nichelino, ó ń jẹun, ó ń wọ bọ́ọ̀sì, ó ń ya àwọn ìyàwó tuntun tó ń sunkún ayọ̀. Ó máa ń mú kámẹ́rà sún mọ́ omijé wọn dáadáa, nítorí àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ lọ bá fún fíìmù náà ni Hezekiah, ọmọ Ìdóṣẹ̀ tó ń kó ẹrù nínú magazzino ńlá kan, ìyẹn ilé ìkẹ́rùsí, ní Piacenza. Hezekiah jù ú lọ ní ọdún mẹ́wàá. Ó wọ súùtù wá síta magazzino náà nígbà tí iṣẹ́ parí, ó dúró ṣánṣán níwájú kámẹ́rà bí ẹni fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìdóṣẹ̀ kò lè parun," ló wí. "Ọ̀tá dáná sí wa, Ọlọ́run pa iná náà. Àwa ò juwọ́ sílẹ̀. Lónìí, páànù tuntun ló wà lórí ilé gbogbo. Halelúyà!"

Mọ́yọ̀ọ̀lá pa kámẹ́rà. "Ẹ ṣé, Bùrọ̀dá."

Hezekiah tú táì ọrùn rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ díẹ̀. "Mi ò sí níbẹ̀ o, Mọ́yọ̀ọ̀lá. Ìwọ náà ò sí níbẹ̀. Kí la mọ̀ tá a fẹ́ sọ?"

"Ohun tó ń dà mí láàmú náà nìyẹn, sà."

"Mò ń lọ sílé ní Kérésì. Gbé kámẹ́rà yẹn fún mi. Màá fún Tíṣà Fáṣínà, òun ló ya fọ́tò ìgbéyàwó tèmi. Jẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Kámẹ́rà lọ, ó sì padà wá lóṣù kìíní ọdún 1998, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé. Mọ́yọ̀ọ̀lá kó wọn lọ sí ilé iṣẹ́ ní àárọ̀ Saturday kan tí kò sí oníbàárà, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé fíìmù.

Kásẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ dára gan-an. Ohùn Fáṣínà ń lọ lẹ́yìn àwòrán bíi ti akéde orí rédíò: ṣọ́ọ̀ṣì rèé, wọ́n ti kan òrùlé rẹ̀; ilé ìwé rèé; ọ̀nà ọjà rèé, níbi tí ilé mọ́kàndínlógójì ti jóná, tí ogójì sì ti dìde. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ọkùnrin kan gbá ògiri ilé rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mọ́yọ̀ọ̀lá kọ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ó ní èyí wúlò, èyí kò wúlò.

Kásẹ́ẹ̀tì kẹta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kòtò ńlá kan. Ilé ìgbẹ̀bí ló kù tí wọn ò tíì kọ́ tán, wọ́n sì ń wa amọ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wà nínú kòtò tí ọkọ́ ń lọ sókè sódò. Àwọn obìnrin tò gbọọrọ, wọ́n ń gba amọ̀ sínú báàfù lé orí, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Kòtò náà jìn débi pé orí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ò yọ. Mọ́yọ̀ọ̀lá ń wá ibi tó lè jẹ́ nínú ìlú. Kò dá ibẹ̀ mọ̀. Ìgbà tí Fáṣínà yí kámẹ́rà sápá òsì ló rí kànga oníṣìmẹ́ńtì kan létí kòtò, tí ẹnu rẹ̀ là lápá kan. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì dúró. Ó yí i padà sẹ́yìn, ó tún un wò.

Kànga ilé wọn ni. Yàrá Ẹ̀rínọlá àti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ló yẹ kó wà lápá ọ̀tún kànga náà. Kòtò ló wà níbẹ̀.

Ó jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì máa lọ. Bàbá rẹ̀ wọ inú àwòrán, ó ti gbẹ ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ó jókòó sórí igi kan lẹ́bàá kànga. Ohùn Fáṣínà bi í pé kí ni Bàbá fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ Ìdóṣẹ̀ tó wà lókè òkun.

"Pa ẹ̀rọ yẹn ná, Tíṣà," ni bàbá wí.

"Mo ti pa á, Bàbá."

Kò pa á. Bóyá ó purọ́ ni o, bóyá bọ́tìnì ni kò tẹ̀ dáadáa, Mọ́yọ̀ọ̀lá kò lè mọ̀. Àwòrán wọ́ díẹ̀, ó dúró sórí orúnkún bàbá rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ tó gbé lé e. Ohùn rẹ̀ sì ń jáde.

"Ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin ọmọ yẹn ni àwọn tí ilé wọn jó wá bá mi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwé ni wọ́n ń sùn, tọmọ tìyá, òjò sì ti ń ṣú. Gbogbo ilẹ̀ ìlú yìí, iyanrìn ni, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tiwa nìkan ló jẹ́ amọ̀ tó ṣe é mọlé. Wọ́n dúró síbí, wọn ò lè la ẹnu. Mo ní kí wọ́n wa á. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kan ọkọ́ sí i, mo lọ sóko, mo kàn jókòó. Mi ò sọ fún Mọ́yọ̀ọ̀lá. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ sí lẹ́tà? Wọ́n ń pè mí ní ọkùnrin ogun, pé mo lágbára. Agbára wo? Ó rẹ̀ mí débi tí mi ò lè sọ pé rárá ni."

Ọkọ́ ń dún nínú kòtò. Lẹ́yìn náà kásẹ́ẹ̀tì pin.

Mọ́yọ̀ọ̀lá kọ ọ́ sínú ìwé: *Kásẹ́ẹ̀tì kẹta, ìṣẹ́jú kọkànlélógún, Bàbá.* Ó yọ búrẹ́dì tó mú wá, ó jẹ ẹ́ tán. Ó fetí sí ara rẹ̀ bí èèyàn ṣe máa ń fetí sí yàrá kejì bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà han Signora Ornella, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un lédè Italy, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìkọsẹ̀. Nígbà tó dé orí "mi ò lè sọ pé rárá," Signora bú sẹ́kún.

"Bàbá rẹ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọlọ́run mi! O sì jókòó síbẹ̀ ò ń túmọ̀." Ó nu ojú. "Èyí ni fíìmù náà, Mọ́yọ̀ọ̀lá. Ìyókù kàn yí i ká ni. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni kó parí sí."

"Bàbá ní kí wọ́n pa kámẹ́rà, mà."

"Ṣùgbọ́n wọn ò pa á."

Mọ́yọ̀ọ̀lá mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ló mú kí Signora sọ ọ́. Ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni, pé kò sí ohun tó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ń dùn ún, ìyẹn ni ì bá sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un. Kò sì dùn ún. Nítorí náà ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Padua láti lọ bi ẹlòmíì.

Ẹni náà ni Ìyá Àdùkẹ́, ará Ìdóṣẹ̀. Ojú rẹ̀ ni iná náà ṣe. Ọdún 1995 ló dé Italy láti bá ọmọ rẹ̀ Àdùkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní fáktírì, tọ́jú àwọn ọmọ. Nígbà tí Mọ́yọ̀ọ̀lá dé, ó ń pàṣẹ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Yorùbá pé kó lọ wẹ ọwọ́, ọmọ náà sì dáhùn láti inú yàrá pé, "Arrivo, nonna!"

"Gbogbo ìgbà ló ń bọ̀, kì í dé," ni Ìyá Àdùkẹ́ wí. "Jókòó, ọmọ mi. Gbé nǹkan rẹ yẹn sí ibi tí yóò ti rí mi dáadáa."

Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kò gbé ohùn sókè. Ó ní ọ̀sán ni, lẹ́yìn oúnjẹ, ọyẹ́ ń fẹ́ burúkú. Inú igbó ni iná ti wá, ó ń fò lórí òrùlé bí ẹyẹ. Gbogbo ènìyàn ń sá lọ sápá odò. Ẹ̀rínọlá náà ti jáde, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n aṣọ Àjíǹde tí àwọn èèyàn gbé wá fún rírán kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wọlé, ó kó ẹrù kan jáde. Ó tún wọlé, ó kó èkejì. Ìyá Àdùkẹ́ fà á lápá nígbà kẹta. Ó ní, "Aṣọ olóhun ni, mà," ó já ara rẹ̀ gbà. Òrùlé sì wọlẹ̀.

"Aṣọ tèmi wà nínú ẹrù kejì," ni Ìyá Àdùkẹ́ wí. "Mo ṣì ní in. Kò tíì rán apá rẹ̀."

Mọ́yọ̀ọ̀lá wo inú kámẹ́rà bóyá àwòrán náà ṣì mọ́. Ó mọ́.

"Ẹ̀yin náà sì bá wọn wa amọ̀ ibẹ̀?"

"Mo bá wọn wa á. Wọ́n fi mọ ilé fún mi, yàrá méjì. Bí òjò bá rọ̀, ògiri a máa rùn bí amọ̀ tuntun. Mo máa ń kí i láàárọ̀. Mo máa ń sọ pé, Ẹ̀rínọlá, o jí ire bí? Àwọn aládùúgbò rò pé orí mi ń yí."

Mọ́yọ̀ọ̀lá pa kámẹ́rà. Ó wá sọ ti bàbá rẹ̀ fún un, àti ti Signora. Ìyá Àdùkẹ́ gbọ́ ọ tán.

"Bàbá rẹ ní kí wọ́n pa á àbí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá wọ ọkọ̀ wá bi mí?"

Oṣù méjì ni Mọ́yọ̀ọ̀lá fi gé fíìmù náà, ní àwọn àárọ̀ Saturday. Ó fi Hezekiah sí i, pẹ̀lú súùtù àti halelúyà rẹ̀, nítorí òun náà gba ohun tó sọ gbọ́. Ó fi àwọn obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí i, àti ọkùnrin tó gbá ògiri. Ó fi Ìyá Àdùkẹ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi kòtò amọ̀ sí i, odindi ìṣẹ́jú mẹ́fà láìsí akéde, ọkọ́ tó ń dún, báàfù tó ń lọ tó ń bọ̀, àti bàbá arúgbó kan tó jókòó lẹ́bàá kànga tí kò sọ nǹkan kan. Ó gé ohùn bàbá rẹ̀ kúrò. Ó kọ orúkọ bàbá sí ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì kẹta, ó sì gbé e sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Signora bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ìbínú náà rọlẹ̀, ó ní fíìmù náà ti tutù jù, àmọ́ òun á ṣì fi hàn.

Ọ̀sán Saturday kan lóṣù karùn-ún ni wọ́n fi hàn án. Ogójì ènìyàn ló wá. Hezekiah wá láti Piacenza, Ìyá Àdùkẹ́ wá láti Padua, ó wé gèlè, ó jókòó sí ìlà iwájú. Nígbà tí kòtò amọ̀ hàn lójú aṣọ funfun tí wọ́n ta fún fíìmù, ó na ọwọ́ sókè díẹ̀ bí ẹni kí èèyàn lókèèrè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Lẹ́yìn fíìmù, ọkùnrin kan dìde. Ó ní odò ya wọ ilé òun ní Piemonte lóṣù kọkànlá ọdún 1994. Ó fẹ́ mọ ibi tí àwọn èèyàn Ìdóṣẹ̀ ti rí irú agbára bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí Mọ́yọ̀ọ̀lá. Signora mi orí sí i láti gbà á níyànjú.

"Mi ò mọ̀," ni Mọ́yọ̀ọ̀lá wí. "Mo rò pé wọn ò ríbi sùn ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ọkùnrin náà wí. "Bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn." Ó jókòó.

Nichelino lọ́dọ̀ Mọ́yọ̀ọ̀lá ni Ìyá Àdùkẹ́ sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó ku wákàtí méjì kí ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ gbéra, àwọn méjèèjì jókòó nídìí tíì. Wọn ò sọ̀rọ̀ fíìmù. Ìyá Àdùkẹ́ ń ròyìn Ẹ̀rínọlá lásán ni, pé ọmọ náà fẹ́ràn oge, pé kò sí ọjọ́ ìsinmi tí kì í rìn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo èèyàn lè rí i, pàápàá láti ìgbà tó ti ń wọ bàtà pupa yẹn.

"Bàtà pupa wo, mà?"

"Èyí tó ní gìgísẹ̀ tóóró. Tó ní ìdè wúrà níwájú."

Mọ́yọ̀ọ̀lá sọ ife kalẹ̀. "Bàtà mi nìyẹn."

"Tìrẹ?"

"Bàtà mi ni! Èmi ni mo rà á ní Ìbàdàn, inú páálí ni mo dì í sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó wá síbí. Mo sọ fún un. Mo ní Ẹ̀rínọlá, ẹsẹ̀ rẹ tóbi ju tèmi lọ, má fọwọ́ kàn án. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án!"

"Ó fọwọ́ kàn án o," ni Ìyá Àdùkẹ́ wí. "Ó ti tẹ̀ ẹ́ wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ó tẹ̀ ẹ́ wó?"

Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. Ó dìde, kò mọ ohun tó dìde fún. Ojú rẹ̀ gbóná, ó ń bínú sí Ẹ̀rínọlá bó ṣe máa ń bínú sí i nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, débi pé bí ó bá rí i lákòókò náà yóò gbá a létí. "Olè ọmọ! Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé á wọ̀ ọ́! Wọ́n ní kó má wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, kò gbọ́. Wọ́n ní kó má wọ bàtà, kò gbọ́. Kò sí ohun tí èèyàn sọ fún un rí tó gbọ́!"

Ìyá Àdùkẹ́ ò dá a lẹ́kun. Ó bu ṣúgà sí tíì rẹ̀, ó ń rò ó.

"Sunday mélòó ló fi wọ̀ ọ́?" ni Mọ́yọ̀ọ̀lá bi í.

"Mi ò kà á. Jókòó, n ó sọ bó ṣe máa ń rìn nínú rẹ̀ fún ọ."